Ẹni Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Màámi,

Ẹ kú àárò wa. Ara wa le. Ọmọ-ọmọ yín ń bá mi lọ síbi iṣẹ́ ìfọṣọ báyìí. Inú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ló ń sùn sí, ariwo ẹ̀rọ ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọ̀gá ò tíì rí wa. Ẹ má dààmú.

Ọ̀rọ̀ kan ló rú mi lójú. Ìjọba ibí máa ń bá ẹni tí owó ẹ̀ ò tó sanwó ilé ìtọ́jú ọmọ. Mo gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè ẹni tó lè bá mi mójú tó ọmọ nínú ẹbí. Mo fẹ́ kọ "kò sí," ọwọ́ mi kọ̀. Èmi tí ìyá mi wà láyé! Mo kọ orúkọ yín gàdàgbà.

Àṣé ohun tó máa ba nǹkan jẹ́ nìyẹn. Akọ̀wé tó gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ mi ní, "Ìyá yín wà. Ẹ gbé ọmọ fún wọn." Mo ní ọkọ̀ òfurufú ni mo máa wọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ wá kọ wọ́n?" Màámi, ṣé irọ́ ni mo pa ni?

Ẹnì kan tó gbọ́ èdè wa máa pè yín láti ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ Ajé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé ẹ ò lè bá mi tọ́jú ọmọ yìí. Mo mọ̀ pé ó máa nira fún yín láti sọ. Ẹ ṣáà bá mi sọ ọ́.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí mo ní kẹ́ ẹ sọ.

Èmi ọmọ yín.