Àwo Tánganran Abẹ́ Èèkàn

Ọdún márùn-ún ti pé lónìí, ọlọ́wọ́ orí mi, tí ilẹ̀ já lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Níwájú èèyàn, "ẹ" ni mo máa ń pè ọ́. Nínú yàrá, "o" ni. Inú yàrá ni a wà báyìí, jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń bá ọ sọ ọ́.

Inú ṣì ń bí mi. Kọ́kọ́ mọ ìyẹn ná. Wọ́n ní kí n fọwọ́ wọ́nú. Wọ́n ní ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́. Fìlà wo ló ṣí? Orí ló gbé lọ!

Ìwọ ni ìjọba fi ṣọ́ kòtò òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Ìwọ lò ń wọn bí ó ṣe jìn tó, tí ò ń yẹ omi kànga wò, tí ò ń sọ ibi tí katakata gbọ́dọ̀ dúró. Ní ẹnu ààlà, wàá fi òòlù kan èèkàn pupa mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá wa ilẹ̀ kọjá rẹ̀, ó di dandan kó dáwọ́ dúró, kó sì dí ohun tó gbẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Bàbá Eléèkàn, inú rẹ sì ń dùn sí i ju orúkọ tí ìyá rẹ sọ ọ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, o fi tíì rẹ sílẹ̀ láìmu tán. O ní èèkàn ti rìn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní èèkàn ò lẹ́sẹ̀. O ní àwọn tó lẹ́sẹ̀ ló gbé e. Ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ kẹ́yìn nìyẹn.

O dúró létí kòtò, ò ń pariwo pé kí katakata dúró. Fọ́máànù wọn, tí wọ́n ń pè ní Etí-Dídi nítorí kì í gbọ́ ohun tí kò bá fẹ́ gbọ́, juwọ́ sí dírẹ́bà pé kó máa wa ilẹ̀ lọ. Wọ́n ti gbẹ́ ìdí ògiri kòtò náà wọnú, òkè rẹ̀ nìkan ló kù lófuurufú. Katakata tún gbá ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilẹ̀ já. Òkúta rọ́ lù ọ́! Ó fọ́ akoto orí rẹ, ó ṣẹ́ apá rẹ méjèèjì, ó kún ẹnu tí o fi ń pariwo. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi wú ọ jáde, ṣọ́bìrì náà tún la itan rẹ. Ìka mi yìí ni mo fi kó ẹ̀jẹ̀ àti iyanrìn kúrò ní ihò imú rẹ. Bàtà rẹ kan ò jáde títí di òní.

Etí-Dídi wá sún mọ́ mi níbẹ̀. Ó ní, "Màdámù, ẹ ṣe sùúrù, ọkọ yín ló kọjá ààlà." Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ sọ nǹkan míì. Mo di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú, mo fi orí gbá a nímú. Mo gbọ́ bí eegun rẹ̀ ṣe dún. Nígbà tí wọ́n ń fà mí kúrò, àbúrò rẹ nọ́ọ̀sì, tí kò lè pa eṣinṣin, gé ọ̀kan nínú wọn jẹ lápá. Wọ́n rán ojú ehín náà!

Níwájú ìgbìmọ̀ tó wádìí ikú rẹ, Etí-Dídi àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ búra pé èèkàn rẹ ò kúrò lójú kan. Ni dírẹ́bà katakata bá dìde, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Irọ́ ni. Èmi ni mo fà á tu, Etí-Dídi ló ní kí n gbé e síwájú. Bàbá Eléèkàn ti sọ fún mi rí pé igi lè rìn, àmọ́ àwo tí wọ́n bá sin sábẹ́ rẹ̀ kì í rìn. Inú òkúta tí a wà jáde níbi tí mo ti fà á tu ni mo ti ṣa àwọn yìí." Ó da àfọ́kù àwo sórí tábìlì.

Àwo mi! Àwo tánganran mi, olódòdó aláwọ̀ aró! Abájọ! Ọkùnrin tí kì í fọ ṣíbí, tó wá ń sáré gba àwo fọ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn oúnjẹ, tí àwo sì ń dín lójoojúmọ́! Wọ́n hú ìdí àwọn èèkàn tó wà létí ibi tí ilẹ̀ ti já, wọn ò bá àwo kankan níbẹ̀: wọ́n ti gbé wọn síwájú lóòótọ́. Etí-Dídi wẹ̀wọ̀n. Wọ́n pàṣẹ fún àwọn tó ni kòtò pé kí wọ́n dí i, kí ilẹ̀ padà di ilẹ̀.

Ṣé o mọ ohun tí wọ́n gbé wá dí i? Pàǹtí! Tìmùtìmù jíjẹrà, bátìrì mọ́tò, abẹ́rẹ́ ọsibítù. Wọ́n fẹ́ da pàǹtí sórí ẹ̀jẹ̀ rẹ, sórí bàtà rẹ! Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ nídìí oúnjẹ pé ilẹ̀ dúdú tí wọ́n kọ́kọ́ họ kúrò ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi bò ó kẹ́yìn, pé ohun tó bá jẹrà sínú kòtò, inú kànga ló ń lọ. Mo mú òòlù rẹ, mo dúró sójú ọ̀nà. Típà àkọ́kọ́ fọn fèrè. Mo fọ́ iná rẹ̀, mo fọ́ gíláàsì iwájú rẹ̀, mo kọjú sí èkejì. Àpá gíláàsì náà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi báyìí, ó sì yẹ mí. Kí ọlọ́pàá tó gbé mi dé àgọ́, àkọ́bí rẹ obìnrin ti gba òòlù, ó ti dúró síbi tí mo dúró sí. Àwọn ará àdúgbò dúró tì í. Ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì ojú tó gba iṣẹ́ rẹ dé, ó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde. Wọ́n sì kó o!

Ilé tí o fi sílẹ̀ láìkan òrùlé, a ti kàn án, a ti ń gbé inú rẹ̀. Àbíkẹ́yìn rẹ ti ga jù mí lọ. Ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ tó kù, ó há a. Àkọ́bí rẹ ń wa katakata! Dírẹ́bà yẹn ló kọ́ ọmọ náà, ọmọ rẹ yìí ló sì ti ilẹ̀ dúdú bo kòtò. Dírẹ́bà máa ń yà kí wa. Mo ń fún un ní omi tútù, mo ń fún un ní àga, mi ò sì tíì dárí jì í.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, onígíláàsì wá ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn. Ó wọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, ó bu omi kànga, ó fa koríko wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Ó ní ó ti dára. Ó ku èèkàn rẹ kan ṣoṣo, èyí tó wà lápá ibi tí katakata ò dé rí, ó ní kí wọ́n fà á tu. Mo ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án àfi èmi. Mo fi òòlù lù ú lọ́tùn-ún, mo lù ú lósì, mo ṣépè fún un, ó jáde. Mo fọwọ́ hú ìdí rẹ̀.

Ìdérí ìkòkò tíì mi ni! Odindi, kò sán rárá! Èyí tí mo wá kiri ilé, tí o bá mi wá a, tí ò ń tú abẹ́ ibùsùn, tí o tún ń ṣépè fún ẹni tó jí i! Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Onígíláàsì ò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Mi ò mú un wálé. Mo nù ún, mo dá a padà sínú ihò rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bò ó, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún mi láé pé ọkọ mi ló kọjá ààlà. Ìkòkò tíì náà wà lórí tábìlì láìní ìdérí. Àwo pẹlẹbẹ ni mo fi ń bò ó láràárọ̀, tíì náà sì ń tutù kíákíá. Kó máa tutù. Àárò rẹ ń sọ mí, olè mi. Mo fẹ́ràn rẹ.