Ẹja Àgbà Inú Gíláàsì Màmá Ìjọ

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú àbójútó ilé, ẹ kú ìdúró de ohùn ọmọ. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kí yín yìí. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ ní mi ò gbàgbé oògùn ẹsẹ̀ wọn, ẹni tí màá fi rán ni kò sí. Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má jà mọ́ nítorí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ń bọ̀ wá sùn lórí rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ìjọ lẹ ti ń ka lẹ́tà yìí. Gbogbo lẹ́tà tí mo bá kọ sí yín, ọwọ́ Bọ̀dá Josẹ́fù, ẹ̀gbọ́n yín, ló ń gbà kọjá, wọ́n sì máa ń kà á kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Èyí tí gbogbo ìjọ bá ti kà kò ṣeé fi pa mọ́. Bí Bọ̀dá bá ń kà á lọ́wọ́, mo kí wọn o. Mi ò bú wọn, wọ́n á rí i.

Iṣẹ́ ń lọ. Ẹ ti bi mí rí pé iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń fi ẹja ṣe tí kì í ṣe jíjẹ. Àpótí gíláàsì ńlá ni, àkúáríọ́mù ni wọ́n ń pè é níbí. A ó da yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó gbin ewéko sínú yanrìn náà, a ó rọ omi kún un, a ó wá yan ẹja tí yóò máa gbé ibẹ̀. Àwọn olówó á gbé e sí pálọ̀, wọ́n á máa wò ó. Gbígbin ewéko kò le, yíyan ẹja ló le. Èyí tó ń fẹ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti èyí tó ń fẹ́ omi tútù kì í gbélé pọ̀. Èyí tó ń sáré jẹun kì í jẹ́ kí onísùúrù rí jẹ. Èyí tó fẹ́ràn kó máa walẹ̀ á hú gbogbo ewéko rẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu ni mo kọ́kọ́ máa ń wò: ẹja tó bá ti lè wọ ẹnu èkejì, mi ò ní kó wọn pọ̀. Bọ̀dá ló kọ́ mi, wọ́n sì kọ́ mi dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn.

Àmọ́ Ìyá mi, ayé ti há mọ́ mi níbí. Láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé yìí, kónílé-ó-gbélé ló ń lé wa wọlé. Àwọn ṣọ́jà wà lójú ọ̀nà láti ṣọ́ọ̀bù wa ní àdúgbò Marcory títí dé Koumassi Remblais tí à ń gbé. Wọ́n á dá wórò-wórò, takisí èrò tá a wọ̀, dúró, wọ́n á ní kí oníkálukú mú kátì ìdánimọ̀ rẹ̀ jáde. Kátì tèmi wà lọ́wọ́ Bọ̀dá, wọ́n ní kí n má bàa sọ ọ́ nù ni. Nítorí náà, ibi tí wọn ò bá mú mi dé, mi ò lè dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, ojú fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí, màá máa gbóòórùn ọ̀sà. Bí òjò bá dé, màá ti fèrèsé náà.

Mo ti kọ́ iṣẹ́ tán, ó ti pẹ́. Àwọn tá a jọ wọṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá mìíràn ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Nígbà tí mo béèrè tèmi, Bọ̀dá ní ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín fà mí lé àwọn lọ́wọ́, ẹ̀yin náà lẹ gbọ́dọ̀ wá gbà mí, káwọn tó gbàdúrà lé mi lórí. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà ti dí. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé láìsí àdúrà yẹn, kò sí ará wa kan níbí tó máa gbéṣẹ́ fún mi, wọ́n á ní mo sá fún ọ̀gá ni. Mo sunkún lọ́jọ́ náà títí ojú mi fi wú.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ rèé. A gbé gíláàsì kan fún Màmá Ìjọ, ìyàwó pásítọ̀ wa ní Williamsville. Ọmọ Kútọnu ni wọ́n, Yorùbá àti Faransé ni wọ́n máa ń dà pọ̀ sọ. Mo kó néon sínú rẹ̀, àwọn ẹja tíntìntín tí ìlà búlúù ń tàn lára wọn, tí wọ́n máa ń rìn ní agbo. Mo fi àwọn kékeré onírùngbọ̀n tó ń ṣa oúnjẹ nísàlẹ̀ kún un. Ilé náà tòrò. Màmá Ìjọ wò ó títí, wọ́n ní c'est joli, ó rẹwà, àmọ́ ta ni àgbà ilé? Wọ́n ní àwọn ò lè gbé ilé tó jẹ́ kìkì ọmọdé sí pálọ̀ pásítọ̀ kí àlejò máa wá rí i. Mo fẹ́ ṣàlàyé, Bọ̀dá ṣẹ́jú sí mi pé kí n dákẹ́. Wọ́n ní òótọ́ ni Màmá sọ, kí n wá àgbà. Mo wá yan epìyà kan tó tutù jù nínú gbogbo èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá Ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Pápá.

Pápá kò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ó kàn ń dàgbà ni. Ó kọ́kọ́ hú ewéko iwájú kó lè rí ibi sùn sí. Lẹ́yìn náà ni àwọn néon bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Nígbà tí mo lọ pààrọ̀ omi, àwọn tó ṣẹ́ kù ti fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn ewé. Ebi ń pa wọ́n, oúnjẹ wà lójú omi, wọn ò lè jáde wá jẹ ẹ́. Mo dúró, mò ń wò wọ́n. Ìyá mi, ara mi ni mo rí níbẹ̀.

Mo ní ká yọ Pápá. Màmá Ìjọ káwọ́ lérí, wọ́n ní ṣé ká lé àgbà kúrò nínú ilé rẹ̀ ni? Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Mo wá ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kó jáde. Ṣebí ọmọ tó bá ti tó ilé í gbé máa ń lọ, bàbá rẹ̀ á sì súre fún un? Kíá ni wọ́n gbà, d'accord, d'accord. Mo gbé gíláàsì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Pápá, mo gbin ewéko tuntun, mo kó àwọn ọmọ síbẹ̀. Màmá Ìjọ gbàdúrà sí ilé tuntun náà, Bọ̀dá sì ṣe àmín.

Àmín yẹn ni Màmá Ìjọ dì mú. Wọ́n bi Bọ̀dá pé ti èmi Rónkẹ́ ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n máa súre fún mi? Bọ̀dá ní àfi kí ìyá mi wá. Màmá ní bí ìyá mi bá sọ ọ́ lórí fóònù ńkọ́, tí àwọn fúnra wọn sì dúró nípò yín níbí? Bọ̀dá ní bí àbúrò àwọn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, àwọn á ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní láti kékeré, ẹ ò ja àwọn níyàn rí.

Ìyá mi, mo mọ ohun tí mò ń béèrè. Àwọn ló tọ́ yín. Mi ò ní kí ẹ bá wọn jà, mi ò sì ní kí ẹ bú wọn. Nọ́ńbà Màmá Ìjọ wà lọ́wọ́ pásítọ̀ ìjọ wa nílé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ìwé ìròyìn yìí bá jáde, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa máa wà nídìí fóònù náà, Bọ̀dá náà á wà níbẹ̀. Ẹ kàn ní ẹ gba ọmọ yín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín àti ti Bàbá sí fún wa, kí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ó mókun, kí ọ̀nà ó là. Ẹ kí gbogbo ará ilé, ẹ kí Ìyá Ìbejì ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi. Àwọn ẹja kékeré yẹn ti ń jáde wá jẹun lójú omi báyìí.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣì wà lẹ́yìn ewé,
Adérónkẹ́