Ọdún Òdo Ní Ilé Ìlọta

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀, àbí omi tútù náà lo ṣì ń gbé mì? Ọlọ́run tó gbé ẹ jókòó sórí àga tó ń yí ní ọ́fíìsì kò ní jẹ́ kí ó yí ẹ ṣubú. Ara àwa náà le, àfi ẹ̀yìn bàbá ẹ tó máa ń dùn ún bí iṣẹ́ bá yá, tó sì máa ń san bí oúnjẹ bá délẹ̀.

Ìwé tí o fi rán dírẹ́bà ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé wa jọ kọjú síra, ló bá mi kà á. Ó ní wọ́n ń kọ́ yín níbi iṣẹ́ bí ẹ ṣe máa fi kọ̀ǹpútà wo ẹ̀rọ kí ẹ tó rà á, bóyá ohun tó máa mú wálé á ju ohun tó máa jẹ lọ, àti pé ẹ́ńjìnnì ìlọta mi lo fi kọ́ṣẹ́. Alágídí, tí mo ti fi ń lọ àgbàdo kí n tó lóyún ẹ, wà lápá kan, ẹ́ńjìnnì tuntun wà lápá kejì, àpótí kéékèèké sì kún ibẹ̀ bíi fèrèsé ilé ìwé. Orí mi wú. Nínú àpótí kan nísàlẹ̀, mi ò rí owó, wáyà ọgbà ni mo rí, tó dábùú ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mọ̀ pé ńṣe lo ṣọgbà yí owó náà ká kí ojú aládùúgbò má bàa wọ̀ ọ́, o ṣeun. Tíṣà ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé àpótí náà ló há jù, owó náà ò gba inú ẹ̀. Owó tí àpótí ò gbà! Mo kúnlẹ̀, mo ṣe àmín níṣojú ẹ̀. Ọjọ́ kejì ni Tíṣà lọ kí àwọn ọmọ ẹ̀, ó wá ku èmi nìkan àti ìwé náà.

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ o. Lókè ìwé náà, o kọ Ọdún Òdo. Lábẹ́ ẹ̀, níbi owó tó wọlé, o kọ òdo. Ọdún Kìíní ni owó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mi ò gbọ́ irú ọdún bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ṣùgbọ́n mo ní ọmọ tí mo fi owó ìlọta rán lọ sílé ìwé ò lè parọ́ fún mi. Bó ṣe di ọjọ́ Ajé, mo sọ fún àwọn oníbàárà pé a ti wọ Ọdún Òdo, owó kankan ò gbọdọ̀ wọlé, kí wọ́n kàn gbé ẹrù wọn sọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ńṣe ni wọ́n ń wò mí lójú bóyá ara mi ò yá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ìlà ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ìyàwó wẹ́dà gbé ata kan náà wá lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ó ní kò tíì kúnná. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń ṣàdúrà fún ẹ, wọ́n ń bi mí bóyá Ọdún Òdo á kan àwọn télọ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi lọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, dísẹ́ẹ̀lì tán, owó tí bàbá ẹ fẹ́ fi ra bàtà la fi ra òmíràn. Ó bi mí pé ìgbà wo gan-an ni Ọdún Kìíní á bẹ̀rẹ̀, mo ní kó má bá mi da ìwé ọmọ mi rú.

Àná ni Tíṣà dé, tó bá èrò lẹ́nu ọ̀nà, ló bá dọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ọjọ́ téèyàn bá sanwó ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n ń pè ní Ọdún Òdo, kì í ṣe ọdún gidi. Ojú tì mí. Àmọ́ ìgbà tó ka ìsàlẹ̀ ìwé tí a ò kà dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní o kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a ta Alágídí, kí a ra tuntun. Bàbá ẹ sáré lọ pe ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù, ọkùnrin náà dé, ó fi ẹsẹ̀ gbá Alágídí, ó ní ọjọ́ Ẹtì lòun ń bọ̀ wá gbé e. Ó fi ẹsẹ̀ gbá a! Ẹ́ńjìnnì tó rán ọmọ mẹ́rin nílé ìwé.

Ni mo bá ní kí Tíṣà jókòó, kí a wo àwọn àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ó dá mi lójú pé o ti ṣàṣìṣe níbì kan. Dísẹ́ẹ̀lì ní àpótí, ọ́ìlì ní, bẹ́líìtì ní, páànù tó ń jò lórí ṣọ́ọ̀bù náà ní. A dé ibi òṣìṣẹ́, o kọ òdo. Tíṣà ní torí pé kò sẹ́ni tó ń sanwó fún mi ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, mi ò ní fi pamọ́ fún ẹ. Ta ló ń yí ọwọ́ irin Alágídí nígbà ogójì kó tó jí? Èjìká ta ló yẹ̀ lọ́dún tí o ń ṣe ìdánwò àṣejáde? Mo ní kí Tíṣà pa òdo yẹn rẹ́, kó kọ owó tí wọ́n ń san fún lébìrà síbẹ̀, kí a wá wo ẹni tó máa ní kí n ta Alágídí.

Tíṣà fi pẹ́ńsùlù ṣírò ẹ̀, ó tún un ṣe, ó bọ́ awò ojú ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà tún wá burú sí i, torí ohun tí Alágídí ń jẹ ni owó òṣìṣẹ́ ń fi kún. Ó ní ó ti pẹ́ tí Alágídí ò ti mú nǹkan kan wálé, èmi ni mò ń mú un wá, òun ló ń jẹ ẹ́. Ó ní ti tuntun, kọ́kọ́rọ́ lásán ni wọ́n fi ń tan án. Mo jókòó sórí àpò àgbàdo, mo sunkún díẹ̀, ẹ̀rín sì tún ń pa mí, torí gbogbo ọdún tí mo fi ń fọwọ́ pa Alágídí lára pé ó kú iṣẹ́, èmi ló yẹ kí wọ́n máa kí.

Kí onírin àlòkù wá gbé Alágídí lọ́jọ́ Ẹtì. Jọ̀ọ́, fi owó dísẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́, àti owó bàtà bàbá ẹ kó lè sinmi àròyé, àti ìdajì owó ẹ́ńjìnnì tuntun, a máa wá ìyókù. Kí o sì ṣí kọ̀ǹpútà ẹ, kí o yọ òdo yẹn kúrò níbi òṣìṣẹ́. Iye tó bá wù ẹ́ ni kí o kọ, mi ò ní bá ẹ jà.

Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ kò ní já sásán. Àwọn tó ń jẹ nínú iṣẹ́ ẹ á mọ̀ pé ìwọ lò ń ṣe é, ìwọ náà á sì tètè mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ tèmi lọ.

Èmi ni ìyá ẹ,
Òṣìṣẹ́ ilé ìlọta.