Ọgọ́rùn-ún Ọjọ́ Ọmọ Mi

Màámi ọ̀wọ́n,

Ara mi ò balẹ̀ láti àná. Oyún tó wà nínú mi nígbà tí ẹ kú ti di ọmọ, ó sì pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lánàá. Obìnrin ni. Irun rẹ̀ kún bíi tiyín, ojú rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ̀, ọkọ mi ará Korea tí ẹ máa ń pariwo bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni pé adití ni.

Lọ́dọ̀ tiwọn, ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìyá ọkọ mi wá láti Korea. Wọ́n fi ooru omi se kéèkì ìrẹsì funfun, bí ẹ ṣe máa ń se mọ́ínmọ́ín. Wọ́n ní bí ọgọ́rùn-ún ilé bá jẹ ẹ́, ẹ̀mí ọmọ á gùn. Wọn ò ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Mo ń wo ọwọ́ wọn lára ọmọ, tiyín ni mò ń wá. Báwo lẹ ṣe máa ń na ọmọ tuntun lápá, nà án lẹ́sẹ̀ gan-an, tí kì í fi í sunkún?

Ẹ má bínú pé mi ò wá sin yín. Oyún ti wọ oṣù kẹjọ, wọn ò jẹ́ kí n wọ bààlúù. Orí fóònù ni mo ti ń wo ìsìnkú yín, nẹ́tíwọ̀kì sì já kí wọ́n tó fi iyẹ̀pẹ̀ bò yín tán.

A gbé kéèkì náà kiri ojúlé ní Longsight, àdúgbò tí à ń gbé nílùú òyìnbó níbí. Ní ilé kan, màmá àgbà kan ló ṣílẹ̀kùn, Yorùbá ni wọ́n fi kí wa. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Wọ́n gba ọmọ, wọ́n ṣàdúrà fún un.

“Kí lorúkọ ẹ̀?”

Yétúndé ni gbogbo ilé ń pè é. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé ẹ ti lọ. Orúkọ Korea rẹ̀ ni mo sọ. “Hana ni, mà.”

“Ìyá ẹ ńkọ́?”

“Wọ́n wà, mà. Àlàáfíà ni wọ́n wà.”

Kí ló dé tí mo parọ́? Inú wọn dùn gan-an. “Bá mi kí wọn o. Sọ fún wọn pé wọ́n kú ọwọ́ lómi.”

Láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà wọn láti lọ sọ òtítọ́. Mi ò kan ilẹ̀kùn.

Màámi, wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní ẹ kú ọwọ́ lómi.

Èmi ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.