Àwọn Àlejò Alápamọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlé

Ìwé tuntun. Ọ̀gá tún pàṣẹ Ẹ̀ṣọ́ kẹrin lónìí, ẹ jẹ́ kí n kọ bí a ṣe dé ibí kí n tó gbàgbé.

Iléeṣẹ́ omi ni wá. Ìkànnì wa ló ń sọ ọjọ́ tí omi máa yọ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan fún aráàlú. Tèmi ni ẹ̀rọ sáfà tó ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ojú ìwé náà. Ẹni tó bá béèrè, ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa nà sí i, kí sáfà ńlá tó wà lẹ́yìn lè sinmi. Alápamọ́ ni mo ń pè é. Kì í bínú, kì í gbàyè ìsinmi, kì í sì í béèrè ìdí. Irú òṣìṣẹ́ tó wu Ọ̀gá nìyẹn.

Ẹ̀ṣọ́ Kìíní ni irinṣẹ́ kékeré tí mo kọ kó máa ṣí ojú ìwé wa ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó lè mọ̀ bóyá Alápamọ́ ṣì wà láàyè. Ọ̀gá ní ta ló wá ń ṣọ́ Ẹ̀ṣọ́. Mo kọ ìkejì. Ìkẹta ń yẹ iṣẹ́ àwọn méjèèjì wò. Ìkẹrin — mo béèrè ohun tó máa ṣe. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Èrèlé

Màmá pè láàárọ̀. Wọ́n ti to garawa síta, omi ò yọ. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kò burú, ó máa yọ.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlé

Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́ ara ògiri. Nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni Alápamọ́ ń dáhùn fúnra rẹ̀, nítorí náà gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n jẹ́ àwọ̀ ewé. Ọ̀gá dúró síwájú rẹ̀, ọwọ́ lẹ́yìn. Ó ní, "Tútù yọ̀yọ̀." Orúkọ Ọ̀gá nìyẹn nínú ìwé yìí láti òní lọ.

Iye àlejò wa lóòjọ́ ti kúrò ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ti di ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Tútù-Yọ̀yọ̀ ní aráàlú ti ń gba tiwa. Inú èmi náà dùn, n ò ní purọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Èrèlé

Àwọn tó ń pín omi ti yí ọjọ́ gbogbo àdúgbò padà láti ìparí oṣù tó kọjá. Alápamọ́ ò gbọ́. Ti àtijọ́ ló ṣì ń há fún èèyàn. Mo fẹ́ nu àwọn ẹ̀dà àtijọ́ — irinṣẹ́ ìnù wà, títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni. Tútù-Yọ̀yọ̀ fò dìde lórí àga. Tí mo bá nù ún, Alápamọ́ máa ní láti padà lọ béèrè lẹ́yìn, ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún máa já wálẹ̀, àwọ̀ máa yí padà. Ọjọ́ kọkànlélógún sì ni ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá wò ó bóyá ẹ̀ka wa á máa wà lọ tàbí wọ́n á tì í pa.

Mo ní àwọn tó ń wo ọjọ́ omi ńkọ́. Ó ní ṣebí wọ́n lè pe ẹnu géètì.

Ó ní kí n ti irinṣẹ́ ìnù pa títí ìgbìmọ̀ á fi lọ. Mo tì í. Mo tún ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ọjọ́ Ajé, 10 Èrèlé

Òótọ́ ni, ẹnu géètì ni wọ́n ń pè. Bàbá Géètì ti kọ ọjọ́ tuntun sí ẹ̀yìn páálí kan, wọ́n gbé e ti ògiri, fóònù ò kúrò létí wọn. "Àdúgbò wo? Ọjọ́bọ̀. Ẹ tètè pọn ọ́n o, kì í pẹ́ lọ." Wọ́n dáhùn bíi mẹ́sàn-án kí n tó parí bàtà tí mò ń nù.

Wọ́n béèrè ohun tí à ń ṣe lókè níbẹ̀ gan-an. Mo ní à ń ṣọ́ nǹkan. Wọ́n ní ta ló fẹ́ jí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé

Màmá tún pè. Omi ò yọ, apá sì ń dùn wọ́n. Mo ní á jẹ́ pé páìpù ló níṣòro, kí wọ́n fi nǹkan gbígbóná tẹ apá náà. Ìpàdé ń dúró dè mí. (Ìpàdé lórí irú àwọ̀ ewé tó yẹ ká lò.)

Ọjọ́rú, 12 Èrèlé

Ẹ̀ṣọ́ Karùn-ún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àlejò di ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógójì. Tútù-Yọ̀yọ̀ gé kéèkì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Èrèlé

Màmá ò pè. Omi ti yọ nìyẹn. Ọpẹ́ ni.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé

Tútù-Yọ̀yọ̀ fẹ́ fi han ìgbìmọ̀ àdúgbò tí àwọn àlejò wa ti ń wá. Mo kọ irinṣẹ́ kan tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀, kó sọ ẹni tó béèrè, àsìkò tó béèrè àti ojú ìwé tó ṣí. Ìṣẹ́jú méjì, ó ti parí.

Ẹ̀ṣọ́ Kìíní. Ẹ̀ṣọ́ Kejì. Ẹ̀ṣọ́ Kẹta. Ẹ̀ṣọ́ Kẹrin. Ẹ̀ṣọ́ Karùn-ún. Iye wọn dọ́gba.

Lẹ́yìn wọn, ẹyọ kan.

Mo rò pé irinṣẹ́ náà ló ń ṣìnà. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹyọ kan náà ni. Èmi ni mo gbàgbé láti yọ àwọn Ẹ̀ṣọ́ kúrò nínú iye àlejò. Kéèkì tí a jẹ, orí ara wa la gé e lé.

Mo wá wo ẹyọ kan yẹn. Ojoojúmọ́, ní nǹkan bí aago méje àárọ̀ ku díẹ̀, ojú ìwé kan ṣoṣo: àdúgbò Màmá. Láti orí irú fóònù tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́. Fóònù mi àtijọ́ ni. Èmi ni mo fún wọn.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlé

Mo kọ́kọ́ ya ilé Màmá kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Garawa mẹ́fà wà lẹ́bàá ògiri, gbígbẹ. Wọ́n fi aṣọ di apá. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí omi. Wọ́n ní kànga tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, pé kò jìnnà. Ó jìnnà. Mo mọ ọ̀nà náà.

Mo ní ṣé ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn pé ọjọ́ ti yí padà ni. Wọ́n ní obìnrin ilé òdìkejì sọ fún wọn. "Mo ní kó má purọ́ fún mi. Mo ní ọmọ mi ló ń bójú tó ojú ìwé tí mò ń wò, ṣé ọmọ mi á wá tàn mí ni?" Wọn ò kí ara wọn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo ní, Màmá, ọ̀la ni ọjọ́ yín, ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n mú fóònù, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n nà án sí mi. "Ibí ní Ìṣẹ́gun ni."

Mo sunkún nínú ọkọ̀. Ojú ń tì mí, mo sì ń bínú sí ara mi ju Tútù-Yọ̀yọ̀ lọ — ó ní kí n tì í, èmi ni mo tì í.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Èrèlé

Ìgbìmọ̀ dé. Ìyá àgbàlagbà kan ni alága wọn. Tútù-Yọ̀yọ̀ na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógójì èèyàn lóòjọ́, ó ní kí n wá ṣàlàyé.

Mo ṣàlàyé. Mo gbé irinṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n, mo yọ àwọn Ẹ̀ṣọ́ kúrò níkọ̀ọ̀kan. Mo ṣí irinṣẹ́ ìnù, mo tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ewé di ìyeyè, ìyeyè di pupa. Iye àlejò di 1.

Tútù-Yọ̀yọ̀ ní, "Ẹnìkan? Ta ni?"

Mo ní, "Màmá mi ni, sà."

Alága yọ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní ṣé Màmá ti rí omi. Mo ní òní ni ọjọ́ wọn, tí wọ́n bá tún wò ó.

Kí ìgbìmọ̀ tó wọ ọkọ̀ ni Tútù-Yọ̀yọ̀ ti ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ẹnu géètì, kí n lọ máa retí lẹ́tà. Bàbá Géètì gbà á, wọ́n so ó mọ́ ara páálí wọn. Wọ́n ní kí n jókòó díẹ̀. Mo jókòó. Fóònù ń dún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé

Ilé Màmá ni mo wà. Garawa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kún. Wọ́n tún wò ó lánàá, wọ́n sì ti lọ fi fóònù han obìnrin òdìkejì: "Ọmọ mi ti kọ ọ́ báyìí. Òun ni kó o máa wò, yéé tẹ́tí sí ẹnu èèyàn." Obìnrin náà ṣí i lórí fóònù tiẹ̀. Wọ́n ti ń kí ara wọn.

Ẹ̀ṣọ́ márùn-ún, kò sí èyí tó rántí gba ọ̀rọ̀ ìwọlé lọ́wọ́ mi. Mo fi í wọ ìkànnì wa, mo wo iye àlejò.

Mẹ́ta.

Màmá. Obìnrin òdìkejì. Àti ẹnìkan tí n ò mọ̀ rí.