Ihò Keje

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4/3
Mo tú ìgbànú Arúgbó lónìí. Arúgbó là ń pe ọkọ̀ tí Bàbá fi sílẹ̀ kó tó kú. Ìgbànú ni Bàbá máa ń pe irin dídán tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ihò mọ́kànlá, kílíìpù mẹ́wàá ló há a mọ́ ara ọkọ̀. Nínú ihò keje, píìnì irun ni mo bá, ó ti wọ́, ó ti dípẹtà. Bàbá náà! Ẹni tó ń bá wa jà nítorí bọ́tìnnì kan. Mo sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí. Ọkọ̀ yìí máa pé bó ṣe pé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, àbí kí n má pe ara mi lọ́mọ bàbá mi mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 6/3
Dókítà ní ojú òsì Màmá ti lọ, ọ̀tún náà ti ń palẹ̀ mọ́. Bóyá oṣù kan ló kù. Màmá ní kò burú, òun ti rí èyí tó tó. Kí òun ṣáà jókòó sínú ọkọ̀ Bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú fún òun. Mo ní kò ní pẹ́. Kílíìpù kan péré ló kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7/3
Kò sí.

Ọjọ́bọ̀, 9/3
Mo lọ sọ́dọ̀ Sípéà, ọmọ tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún débi pé ẹ̀gbẹ́ la fi ń wọlé. Ó da bíi igba kílíìpù síwájú mi. Èyí gùn jù, èyí kúrú, èyí ike ni. Ó ní kí n mú ọ̀kan kí n fi òòlù bẹ̀ ẹ́. Mo ní kì í ṣe lára ọkọ̀ Bàbá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó fẹ́ wọ mọ́tò ò ní jókòó lórí kílíìpù." Mo bínú jáde. Ẹ̀gbẹ́ náà ni mo fi jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 12/3
Ọ̀gá — ìyàwó mi — ní ṣé mi ò lè dá píìnì yẹn padà kí Màmá lè gun ọkọ̀ ní tiẹ̀. Mo ní mo ti sọ ọ́ nù. Mo wá ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojúlówó àti ayédèrú. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, mo tún fi ìyẹn kún un. Nígbà tí mo máa wò, ó ti sùn lọ.

Ọjọ́rú, 15/3
Màmá bu iyọ̀ sí tíì. Ó mu ún tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18/3
Sípéà pè. Ó mọ ọkùnrin kan tó ní irú Arúgbó, ó ti kú sẹ́yìnkùlé rẹ̀ — ọkọ̀ ló kú o, ọkùnrin náà wà láyé. Wọ́n á bá mi tú kílíìpù kan lára rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Sípéà lọ́kàn mi, ọmọdé lásánlàsàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 24/3
Ó dé! Ojúlówó. Ó wọ ihò keje, ó dún kà. Mo nu ìgbànú lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sunkún díẹ̀. Arúgbó nìkan ló rí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25/3
Mo fa Màmá lọ́wọ́ wá síbi ọkọ̀. Kò dúró kí n ṣílẹ̀kùn. Ó gbé ọwọ́ lé ìgbànú láti iwájú, ó ń rọra bọ̀. Ó dé ihò keje, ó dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún bọ̀. Ó ní, "Ta ló ni mọ́tò yìí?"

Mo ní ti Bàbá ni. Ó ní irọ́ ni. Ó ní lọ́jọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ wá gbé òun, ìgbànú já lulẹ̀ níwájú gbogbo ilé, àwọn ẹ̀gbọ́n òun ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ojú ń ti ọmọkùnrin náà. Òun bá yọ píìnì lórí òun, òun fi há a. Látìgbà náà, kí òun tó wọ mọ́tò, òun á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. "Ibo ló wà?"

Ọlọ́run mi. Èmi ọmọ bàbá mi.

Mo jẹ́wọ́. Wọ́n ti kó ìdọ̀tí yẹn lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màmá gbé ọwọ́ lé orí, ó ń wá píìnì. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti gé irun mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá sún mọ́ wa. Ó yọ píìnì kan nínú irun tiẹ̀, ó nà án sí mi. Mo yọ ojúlówó kúrò. Mo fi píìnì há a. Màmá fọwọ́ wá a, ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀.

Ó ní, "Èyí kì í ṣe tèmi. Tìyàwó rẹ ni." Ó gbé ọwọ́ kúrò lára ìgbànú. "Ó dáa. Ṣílẹ̀kùn."