Àwọn Páálí Tí Ọkọ Rẹ Ń Kó Pamọ́ sí Gárééjì

Doyinsọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Dallas níbi tí iṣẹ́ gbé ọ lọ? Ọlọ́run tó gbé mi láti Ìmẹ̀sí-Ilé dé Sugar Land láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ mi wú nínú bàálù, yóò mú ọ padà wálé láyọ̀. Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa, ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí mi ò lè pè ọ́ nínú ilé yìí. Nǹkan róbótó orí tábìlì tí ọkọ rẹ máa ń bi bóyá òjò á rọ̀ yẹn, etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Sister Helen ṣọ́ọ̀ṣì wa ló máa bá mi fi lẹ́tà náà ránṣẹ́.

Láti ọjọ́ tí o ti lọ ni Bámidélé ọkọ rẹ ti ń ra nǹkan tí kì í gbé wọlé. Gárééjì ló ń kó o sí, á sì fi aṣọ bò ó. Mo bi í, ó ní kọ̀ǹpútà ni. Mo ní kí ló dé tí kò ra odindi? Ó ní èyí téèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà lẹ́yọ lẹ́yọ tò pọ̀ ló máa ń lágbára. Nílé wa, ẹni tó bá ń ra ẹ̀rọ lẹ́yọ lẹ́yọ, ọ̀dọ̀ olè ló ti ń rà á. Ojoojúmọ́ lòun àti Bọ̀wálé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní League City, ń jiyàn lórí fóònù pé èyí ò bá tọ̀hún mu, pé ìyẹn á gbóná jù. Ó wá ra fáànù jọ, bẹ́ẹ̀ otútù ilé yìí ti fẹ́ pa mí.

Mo ṣì ń fara dà á, àfi ìgbà tó bi mí pé Mọ́mì, àwọ̀ wo ni Doyin fẹ́ràn jù ní kékeré, kí ló sì máa ń fi èédú yà sára ògiri yín? Ta ló ń bèèrè irú ìyẹn láìní nǹkan nínú? Mo ní mi ò rántí.

Lọ́jọ́ Sátidé mo yọjú wò ó. Ó bọ́ bàtà, ó so okùn mọ́ ọrùn ọwọ́, ó so ìdí okùn náà mọ́ àpótí irin kan tó ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fún ìpara aláwọ̀ eérú tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ sórí nǹkan kékeré kan tó ń dán, kò mí títí tó fi ṣe é tán. Ó tan àpótí náà, iná inú rẹ̀ pọ́n, ó di àwọ̀ ewé, ni mo bá rí orúkọ rẹ lára gíláàsì náà. Mo ní ó parí, ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu, ó fẹ́ fi ọmọ mi ṣe owó!

Ó ku pátákó dúdú kan tí kò tíì fi sí i, tó ní òun ló wọ́n jù. Bó ṣe jáde ni mo gbé e, mo rì í mọ́ ìdí òdòdó ẹ̀yìnkùlé, mo da omi àdúrà lé e.

Nígbà tó wá a tì, ó jókòó sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní Mọ́mì, ọjọ́ ìbí Doyin ló kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà tí o fi ń ya àwòrán tó ń rìn yẹn máa ń kú mọ́ ọ lọ́wọ́, pé o sunkún nítorí ẹ̀, pé pátákó yẹn gan-an ló ń ya àwòrán, ẹ̀yin méjèèjì á sì jọ máa ta géèmù lórí ẹ̀. Mo bi í léèrè okùn ọwọ́ àti ìpara yẹn, ó ní kí ẹ̀rọ má baà jóná ni. Doyinsọ́lá, ojú tì mí. Ọkọ rere lo fẹ́.

Má fòyà, mo ti hú pátákó náà. Mo ti fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, kò sí erùpẹ̀ kankan lára rẹ̀ mọ́, ó ń gbẹ lóòrùn. Mi ò tíì sọ fún un, ìgbà tó bá gbẹ ni màá gbé e fún un. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra epo ẹ̀rọ tí màá kán sí àwọn fáànù rẹ̀, wọ́n ti ń han.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìfẹ́ yín ṣá. Tó bá gbé kọ̀ǹpútà náà fún ọ, kó o pariwo bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan o.

Èmi ìyá rẹ ni.